Orí Bàbá Àgbà Kì í Ṣe Igi

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́. Ìgbìmọ̀ tó ń palẹ̀mọ́ fún ọjọ́ ìlú wa níhìn-ín l'Ókìtìpupa ló tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde nípa "Ẹ Bi Bàbá Àgbà", ètò ọmọdé tí a máa ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà tí mo wà ní kékeré. Ọmọlangidi arúgbó kan á jókòó, àwọn ọmọdé á máa bi í ní ìbéèrè: kí ló dé tí alákàn fi ń rìn ní ẹ̀gbẹ́, ta ló kọ́ ẹja ní odò wíwẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n kọ. Wọ́n ní àwa la kọ́ àwọn Òyìnbó ní ọmọlangidi ṣíṣe. Wọ́n ní ojú Bàbá Àgbà ń yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nítorí pé òun àtàwọn àbúrò rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣe ètò náà, wọ́n sì sọ àwọn àbúrò lórúkọ! Èyí tó bí mi nínú jù: wọ́n ní bàbá alága ìgbìmọ̀ ló fi igi ìrókò gbẹ́ orí rẹ̀. Bàbá tí kò gbẹ́ ọmọ odó rí!

Púpurú ni orí náà, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí a máa ń fi eéfín gbẹ. Ìyá mi ló mọ ọ́n. Bó bá ti fún omi ara ẹ̀gẹ́ tó ti rẹ, á mọ ọ́n róbótó bí èyí tó fẹ́ tà, á fi ìka gbẹ́ ojú sí i, á fa imú yọ, á gbé e sórí àjà iná kí eéfín mú un gbẹ. Ìdí nìyẹn tí Bàbá Àgbà fi dúdú. Òwú ni irùngbọ̀n rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n á dá agbádá rẹ̀ padà láìsí orí. Àwọn ará sítúdíò ti ha dúdú ara rẹ̀ kúrò, wọ́n ti gún un, wọ́n ti rò ó, wọ́n ti fi ọbẹ̀ gbé e mì. Ìyá mi á pòṣé, á mọ òmíràn. Ta ló lè mọ ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì? Àbúrò wo ni wọ́n ń sọ?

Ìyá mi ti darúgbó báyìí. Ọjọ́ tí wọ́n pín ìwé náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò tíì bọ́ sùtánà tó fi ní kí n kà á fún òun. Nígbà tí mo kà á tán, ó ní, "Èmi dà níbẹ̀?" Gbogbo ohun tó ń fẹ́ ni kí wọ́n kà á síta lọ́jọ́ ìlú pé òun ló mọ orí yẹn, kí òun fi etí ara òun gbọ́ ọ kí òun tó kú.

Mo gba ilé alága lọ. Mo sọ fún un pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ó ní kí n mú ẹ̀rí wá. Ẹ̀rí! Ẹ̀rí tí wọ́n ti fi ọbẹ̀ jẹ!

Ẹnì kan ló kù láyé nínú àwọn ará sítúdíò, bàbá tó ń di kámẹ́rà mú, tó wà n'Ígbótako. Mo gun ọ̀kadà lọ bá a, eruku sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn gan-an ni wọ́n máa ń gbé orí náà lọlé. Mo ní ó yá, kí wọ́n wá sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀. Ojú wọn yí padà. Wọ́n wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ wọn tó ti dàgbà jókòó sí, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"Nǹkan le nígbà yẹn. Òun làwọn ọmọ mi ń jẹ sùn. Mo sọ fún wọn pé mo rà á ni. Títí dòní ni wọ́n ń dúpẹ́ pé mi ò jẹ́ kí ebi pa àwọn. Ṣé kí n wá sọ fún wọn pé orí ọmọlangidi tí mo jí gbé ni?"

Inú bí mi débi pé n kò dágbére dáadáa. Mo délé, mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ fún ìyá mi: olè ni, ojo ni, n ó padà lọ bá a. Ẹ̀gẹ́ ni ìyá mi ń bó. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àwọn ọmọ ẹ̀ ló ń jẹ ẹ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Abájọ. Òun ló máa ń ránṣẹ́ sí mi pé kí n jẹ́ kó tóbi sí i, pé kò hàn dáadáa nínú tẹlifíṣọ̀n. Mo sì máa ń bú u."

Ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn.

"Jẹ́ kí ghan kọ ọ́ sínú ìwé ghan pé igi ni, ọmọ mi."