Ẹ̀rọ Tí Rùmáísà Ṣe sí Fáànù Bàbá Rẹ̀

Ẹ má bi mí bóyá ọmọ mi ni Rùmáísà. Mi ò bí i, ṣùgbọ́n ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá mi àti tiwọn ní àdúgbò Ladjifarani ní Pàràkú, mo sì ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń rákò títí ó fi di ẹni tí gbogbo àdúgbò Zongo ń gbé fóònù tó bàjẹ́ wá bá. Tàǹtí ló ń pè mí, bí àwọn ọmọ ìlú wa ṣe ń pe àwa àgbàlagbà obìnrin. Bí mo bá yìn ín jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ fi orí jì mí, torí mi ò ní dín in kù.

Bàbá rẹ̀ ni Àlájì Kàsìmáwò tó ń ta aṣọ ní ọjà Arzèkè. Ẹni tó bá ti ra àǹkárá ní Pàràkú láyé ìgbà kan yóò mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó lè ká aṣọ bíi tirẹ̀. Bí oníbàárà bá tú ìdì aṣọ palẹ̀, tó fọwọ́ pa á títí, tó sì ní òun ò rà á mọ́, Àlájì kì í bínú. Á kàn ká a padà, etí á dọ́gba mọ́ etí, á tẹ́ ẹ sí àyè rẹ̀. Ìyẹn gan-an máa ń ti àwọn míì lójú débi pé wọ́n á padà wá rà á.

Lọ́dún tó kọjá ni àìsàn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Gbogbo apá ọ̀tún rẹ̀ kú, apá àti ẹsẹ̀. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ kò sì já gaara mọ́. Nígbà tó rí i pé àwọn èèyàn ń tẹ́tí, tí wọ́n ń fojú wá ohun tí òun ń sọ, ó dákẹ́ pátápátá. Dókítà ní apá òsì ṣì dáa díẹ̀, kí ó máa fi ṣe nǹkan kó lè lágbára sí i. Àlájì wo àjà ilé. Ìyàwó rẹ̀, Àràmọ́tù, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí fún un lóúnjẹ, òun náà ló sì di ẹni tó ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Arzèkè, torí wọ́n gbọ́dọ̀ jẹun. Rùmáísà á lọ sí ìsọ̀ tó ti ń tún fóònù ṣe ní Zongo. Àlájì nìkan á wà nínú yàrá, èmi á sì máa tẹ́tí sí i láti ẹ̀yìn ògiri.

Fáànù ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní vàǹtílátẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí wọ́n bá tàn án sílẹ̀ kí wọ́n tó jáde ní àárọ̀, òtútù ọyẹ́ á mú bàbá. Bí wọn kò bá tàn án, tí ọ̀sán bá pọ́n, yàrá á gbóná bí ẹnu ààrò. Mo wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá a tí òógùn ti mu aṣọ rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere. Mo ní, "Àlájì, kí ló dé tí ẹ ò pè mí? Ẹ̀yìn ògiri náà ni mo wà!" Ó yí ojú sí ògiri. Inú bí mi. Mo tan fáànù, mo nu ojú rẹ̀, mo sì lọ ro ẹjọ́ rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

Rùmáísà gbọ́ mi tán, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Tàǹtí, ooru kọ́ ló ń pa bàbá mi," ó ní. "Ohun tó ń pa wọ́n ni pé kò sí nǹkan kan nílé yìí tí wọ́n ń pàṣẹ fún mọ́. Bí a ò bá ṣọ́ra, wọ́n á fi ojú sí ògiri yẹn títí wọ́n á fi kú. Mo máa wá nǹkan kan, kékeré ni o, tó jẹ́ pé bàbá mi nìkan ni yóò máa gbọ́ràn sí lẹ́nu."

Báyìí ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí ẹni tó máa ń bá a ra nǹkan ní Kútọnu, wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà kan ránṣẹ́ sí i tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Èyí? Ojú rẹ̀ dà? Ibo lèèyàn á ti máa wò ó?"

"Kò lójú, Tàǹtí. Àṣẹ nìkan ló ń gbọ́. Mo máa kọ ohun tí mo fẹ́ kó ṣe sínú òdìnatẹ̀ ńlá mi, kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣiṣẹ́, màá wá da àṣẹ yẹn sínú rẹ̀ látinú wáyà."

Ó ṣàlàyé àṣẹ náà fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní kéú. Bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, kí fáànù yí. Bí wọ́n bá tún un tẹ̀, kó yára sí i. Bí wọ́n bá di bọ́tìnnì mú, kó dúró. Nǹkan míì tún wà níbẹ̀, tín-ín-rín bí orí abẹ́rẹ́, tó ń mọ̀ bóyá yàrá gbóná tàbí ó tutù. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́, tí òtútù bá ń wọlé, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á dín eré fáànù kù láìjí ẹnikẹ́ni. Ó jó òjé sí wọn lórí, ó so wáyà mọ́ wáyà, ó ní òun ń wá ike tí òun á kó gbogbo rẹ̀ sí kí iná má baà gbé ẹnikẹ́ni. Kí n tó bojú wẹ̀yìn, ó ti da iyọ̀ mi sínú ọ̀rá, ó sì ti gbé ike iyọ̀ lọ. Ọmọ burúkú.

Ọjọ́ tó gbé e wálé, gbogbo wa pé sí yàrá. Ó ti fi fóòmù wé bọ́tìnnì náà, ó rán aṣọ lé e lórí, ó wá fi sábẹ́ ọwọ́ òsì bàbá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò."

Àlájì kò tẹ̀ ẹ́.

Rùmáísà fi ìka tirẹ̀ tẹ̀ ẹ́, nǹkan kan ró "tá" nínú ike iyọ̀ mi, fáànù sì yí. Àràmọ́tù pàtẹ́wọ́. Àlájì ń wo àjà. Rùmáísà ní ó ní láti jẹ́ pé ọwọ́ náà kò lágbára tó bí dókítà ṣe sọ. Ó tú u, ó fi irú bọ́tìnnì míì sí i, èyí tí kò nílò agbára, tó jẹ́ pé bí ìka bá ti kàn án báyìí, ó ti tó. Àlájì kò fi ìka kàn án. Ọmọ yìí ní bóyá àṣẹ tí òun kọ ló lọ́ pọ̀ jù. Ó tún àṣẹ kọ. Ó pààrọ̀ wáyà. Á gbé e lọ sí Zongo, á tún gbé e bọ̀, ó ń rù bíi pé òun ló ń ṣàìsàn. Níkẹyìn ìyá rẹ̀ fi sùúrù sọ fún un pé, "Rùmáísà, fi wọ́n sílẹ̀. Bàbá ẹ ò fẹ́ mọ́." Ó kàn kó wáyà rẹ̀ jọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí fún un dé ọkàn, mo sì dúró sẹ́nu ọ̀nà Àlájì, mo sọ ohun tó wà lẹ́nu mi: "Agídí yìí ti pọ̀ jù, Àlájì. Ọmọ ń bẹ̀ yín!"

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, Àlájì Nàjíbù wá kí i. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ìsọ̀ wọn kọjú síra ní Arzèkè láti ìgbà èwe wọn. Ó wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, ó gbàgbé, ó na ọwọ́ láti bọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọwọ́ ọ̀tún Àlájì Kàsìmáwò kò lè dìde. Kíá, mo rí òsì tó yọ́ wọ abẹ́ aṣọ ìbora, ó sì fa aṣọ náà bo ara rẹ̀ dáadáa.

Rùmáísà gbé omi àlejò dání, ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Nígbà tí àlejò lọ tán, ó fà mí jáde sí àgbàlá. "Tàǹtí, ẹ rí ọwọ́ yẹn? Ẹ rí bó ṣe yá tó? Ọwọ́ tí kò lágbára kọ́ nìyẹn o."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún. Alòsì ni ọmọ yìí láti kékeré. Bàbá rẹ̀ kò nà án rí nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti na òsì sí àwo oúnjẹ, bàbá á rọra di ọwọ́ náà mú, á gbé e padà sórí itan rẹ̀, á wá mú ọ̀tún síwájú. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ títí ó fi mọ́ ọmọ lára, òsì rẹ̀ kò wá rí àyè mọ́ àfi nídìí fóònù tó ń tún ṣe. Ní Arzèkè pàápàá, bí ẹnikẹ́ni bá fi òsì na nǹkan sí Àlájì, aṣọ ni yóò máa ká títí ẹni náà á fi pa ọwọ́ dà. Gbogbo wa la mọ èyí. Mùsùlùmí ni wá, ọmọ Yorùbá ni wá, wọ́n kọ́ àwa náà bẹ́ẹ̀. Ó ti mọ́ wa lára débi pé kò sí ẹni tó rántí rẹ̀.

"Ọwọ́ tí bàbá mi fi ń ṣe ìmọ́tótó nílé ìgbọ̀nsẹ̀," ó ní, "ni mo ní kí wọ́n fi máa pàṣẹ nílé wọn. Níṣojú gbogbo yín!"

Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Mi ò ronú." Àlájì pa ojú dé, omijé sì jáde létí ojú rẹ̀. Èmi náà yíjú sí ibòmíì, torí mo rántí ọ̀rọ̀ agídí tí mo sọ.

Ọmọ yẹn kò sinmi. Ó ṣe bọ́tìnnì kejì sínú ìrọ̀rí, pé bí bàbá bá ti yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí i, fáànù á yí. Àlájì sì yí ẹ̀rẹ̀kẹ́! Àràmọ́tù ké "Alihamudulilahi" tí àwọn ará ilé kejì fi yọjú. Ìṣòro ibẹ̀ kàn ni pé bí oorun bá gbé bàbá lọ, orí rẹ̀ á ṣubú sórí bọ́tìnnì, fáànù á ya wèrè, á sáré, á dúró, á tún sáré. Lọ́jọ́ kan ariwo rẹ̀ jí i lójú oorun, Àlájì wo fáànù náà, ó sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹnu wíwọ́ yẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìgbà àìsàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò tíì sọ̀rọ̀.

Oṣù ààwẹ̀ bọ́ sí àkókò ooru. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo ń ṣètò kókó, ẹ̀kọ mímu tí a ó fi ṣínu, mo wá asẹ́ mi tì, mo ní kí n lọ yá tiwọn. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo dúró. Rùmáísà ti tètè dé láti Zongo, ó jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ti já bọ́tìnnì ìrọ̀rí kúrò kó lè tún un ṣe, ó wà lórí itan rẹ̀ pẹ̀lú wáyà rẹ̀. Oorun ti gbé e níbẹ̀, ó gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì. Òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀, hìjáàbù rẹ̀ ti tutù. Fáànù kò yí. Bọ́tìnnì àkọ́kọ́ nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́, èyí tó wà lápá òsì, torí kò tíì ráyè yọ ọ́.

Àlájì ń wo ọmọ rẹ̀. Mo fẹ́ wọlé kí n lọ tan fáànù fúnra mi, ni mo bá rí i tí ọwọ́ òsì jáde lábẹ́ aṣọ. Ó wo ọwọ́ náà. Ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò lójú kan. Lẹ́yìn náà ló gbé e lé bọ́tìnnì, ó sì tẹ̀ ẹ́. Fáànù yí. Ó tún un tẹ̀, afẹ́fẹ́ dé ara ọmọ, etí hìjáàbù rẹ̀ ń fẹ́.

Ó gbé ojú sókè, ó rí mi. Mo rò pé yóò fi ọwọ́ náà pamọ́. Kò fi í pamọ́. Ó fi ìka òsì yẹn kan ètè, pé kí n má pariwo.

Afẹ́fẹ́ ti jí ọmọ. Ó gbé orí, ó wo fáànù, ó wo bọ́tìnnì tó wà lórí itan rẹ̀, ó wá rí ọwọ́ bàbá rẹ̀ níbi tó wà. Ó fẹ́ dìde. Àlájì gbé ọwọ́ náà lé e lórí, ó fà á padà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tó já gaara tí èmi lẹ́nu ọ̀nà gbọ́.

"Sùn," ó ní.

Ó sì sùn.