Àmì Méjìlá

Ẹ̀rọ táípù tí a ní ní ilé ìwé wa ní Ìkòròdú nígbà náà kò gbọ́ Yorùbá. Kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. Bí mo bá tẹ ọ̀rọ̀ tán, màá ti gègé bọ inú tàdáwà, màá sì máa fi àmì sábẹ́ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè bébà dé ìsàlẹ̀. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbàdo ni mò ń gbìn. Mo máa ń ṣe bí ẹni tó bínú, ṣùgbọ́n mo ń fi yangàn nínú ara mi, nítorí n kò tíì rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó tèmi nídìí iṣẹ́ yẹn. Ọwọ́ yíyá yìí náà ló ba ilé onílé jẹ́.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni, ọmọ sì kún kíláàsì dé ẹnu ọ̀nà. Ìwé alàwòrán tí a ní fún wọn, òkè òkun ló ti wá: ọmọ òyìnbó ń fi yìnyín ṣeré, ajá jókòó sórí àga. Ọmọ apẹja kan wà lọ́dọ̀ mi láti Ìbẹ̀ṣẹ̀ tó mọ orúkọ gbogbo ẹja inú ọ̀sà. Bí mo bá ṣí ìwé yẹn síwájú rẹ̀, á kàn jókòó bí odi ni. Ó ká mi lára. Mo bá kọ ìwé tiwa, ìtàn ọmọbìnrin kan tó bá ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ kí ìyá àgbà ní Ẹ̀pẹ́.

Ẹni kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó lè ya àwòrán rẹ̀, Ẹ̀pẹ́ ló wà. Mo ti ṣe tíṣà níbẹ̀ rí, ibẹ̀ la ti dọ̀rẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kun ọkọ̀ ojú omi lọ́dà, kó sì kọ orúkọ sí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ààfáà àgbà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, òun nìkan sì ni ọmọkùnrin tí bàbá náà bí. Lójú ààfáà, èèwọ̀ ni kéèyàn ya ohun ẹlẹ́mìí. Ó ní lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀, a ó ní kí ayàwòrán mí ẹ̀mí sínú ohun tó yà, kò sì ní lè ṣe é.

Mo lọ bẹ bàbá fúnra mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní ìwé ọmọdé lásán ni, kì í ṣe òrìṣà. Ó gbọ́ mi tán. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ohun tí kò lójú kò lẹ́mìí," ó ní. "Yà á, ṣùgbọ́n má fi ojú sí i. Bí o bá fi ojú sí i, ọwọ́ rẹ kò gbọdọ̀ kan òkú mi."

Lọ́dọ̀ wọn, ọmọ ní í wẹ òkú bàbá. Ọmọkùnrin tí wọ́n bá lé kúrò nídìí rẹ̀, aráyé ò ní yéé bi í pé kí ló ṣe. Ọ̀rẹ́ mi gbé ọwọ́ lé Àlùkùráánì níwájú mi, ó sì búra pé òun kò ní fi ojú sí i.

Ó ya àwòrán náà fún oṣù mélòó kan. Títí di òní n kò rí irú rẹ̀ mọ́. Gbogbo èèyàn inú rẹ̀ ló kọ̀yìn sí wa. Ẹni tí kò bá kọ̀yìn, á tẹ̀ba sórí omi, tàbí kí akẹtẹ̀ bò ó lójú. Ẹja inú agbọ̀n wà lábẹ́ ewé, ìrù wọn nìkan ló yọ síta. Síbẹ̀, bí o bá wo èjìká ọmọbìnrin yẹn, wàá mọ ìgbà tí inú rẹ̀ ń dùn àti ìgbà tí ẹ̀rù omi ń bà á. Mo máa ń fọ́nnu pé mo lè ka ẹ̀yìn èyíkéyìí tí ọ̀rẹ́ mi bá yà. Ojú ìwé tó gbẹ̀yìn nìkan ni kò rọ́gbọ́n dá sí: ìyá àgbà dúró sí èbúté, ó ń wo ọkọ̀ tó ń bọ̀, èèyàn mẹ́fà inú ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ kọjú sí i. Ó yà wọ́n, ó fi ojú wọn sílẹ̀ lófìfo.

Mo kó iṣẹ́ náà lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní Èkó. Ọ̀gá ibẹ̀ ń ṣí i lọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé kí la ṣe fún àwọn ọmọ yìí tí gbogbo wọn fi kọ̀yìn sí wa. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé ojú ìwé tó gbẹ̀yìn, ẹ̀rín náà tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òkú ní í ní irú ojú yìí, pé ọmọ tó bá rí i kò ní sùn. Ẹni tó máa gbẹ́ àwòrán sára páànù síǹkì tí wọ́n fi ń tẹ̀wé ń bọ̀ wá kó wọn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà, Tíṣà," ó ní. "Ẹ fi ojú sí wọn, tàbí kẹ́ ẹ máa gbé e lọ."

Ó jáde, ó fi mí sílẹ̀ nídìí tábìlì rẹ̀. Mo ṣì ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ tí mo tẹ̀, gègé wà lọ́wọ́ mi. Mo fi àmì sábẹ́ ẹ, mo fi sábẹ́ ṣ, mo fi sábẹ́ ọ. Ni ọwọ́ mi bá gòkè lọ sórí àwòrán. Èèyàn mẹ́fà, àmì méjìlá. Kò pẹ́ tó kéèyàn sín. Mo ní lọ́kàn mi pé àmì lásán ni, pé màá ṣàlàyé fún un bí mo bá dé Ẹ̀pẹ́. N kò ṣàlàyé nǹkan kan. Kí n sì má parọ́, inú mi dùn sí i. Àwọn èèyàn yẹn jí lójú mi, ọmọ ń wo ìyá àgbà.

Ìwé jáde, orúkọ ọ̀rẹ́ mi wà lábẹ́ tèmi níta gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń jà sí i. Ní Ẹ̀pẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin mú un bọ̀ láti ilé ìwé, ó jókòó ti bàbá àgbà lórí ẹní, torí ara bàbá ti ń ṣe hẹ́gẹhẹ̀gẹ nígbà náà. Ó ń ṣí i hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ibi tó parí sí.

Ọ̀rẹ́ mi kọ lẹ́tà sí mi. Ó ní bàbá ti lé òun jáde ní yàrá. Òun ní òun kọ́ lòun fi ojú sí i. Bàbá bi òun pé ta ni, òun dákẹ́. Bàbá wá ní, "Orúkọ rẹ ló wà lára ìwé, o sì tún ń purọ́ mọ́ ọn." Kò bi mí bóyá èmi ni. Ohun tó kọ sí ìsàlẹ̀ ni pé: "Tíṣà, ẹ wá bá mi sọ̀rọ̀ níwájú Bàbá. Ara wọn ò yá rárá."

Ọjọ́ kan péré ni ọkọ̀ ń gbà dé Ẹ̀pẹ́. Ṣùgbọ́n ìnsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀ lọ́sẹ̀ kejì láti wo ìwé náà, bóyá kí wọ́n mú un lò ní gbogbo ilé ìwé àgbègbè wa. Mo bẹ̀rù pé bí ariwo bá sọ ní Ẹ̀pẹ́, wọn yóò pa ìwé náà tì. Mo kọ̀wé padà pé ọ̀gá wa kò fún mi láyè. Irọ́ ni, n kò bi í. Ọjọ́ tí ìnsípẹ́kítọ̀ dá, kò wá. Ó tún sún un síwájú, èmi náà sì tún sún ìrìnàjò mi síwájú. Nígbà tó wá, ó gbé ìka lé ojú ìwé tó gbẹ̀yìn, ó ní ibẹ̀ ló wu òun jù.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá kan tó máa ń kó ẹja gbígbẹ láti Ẹ̀pẹ́ wá sọ́jà wa sọ fún mi pé ààfáà àgbà ti kú, wọ́n ti sin ín. Mo béèrè ọmọ rẹ̀. Ó ní ìta ni wọ́n ní kó dúró sí, àwọn ọmọ kéwú ló wẹ bàbá. Ó ní òun ò mọ ohun tí ọmọ náà fi bàbá rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ nǹkan kékeré.  

Mo dé Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ àdúrà fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn ààfáà, mo sì jẹ́wọ́ láti orí dé ìdí: tábìlì, gègé, àmì méjìlá.  Arúgbó kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ olóògbé bi mí láìsí ìbínú lóhùn rẹ̀ pé, "Ta lẹ wá ń sọ fún?"

Ọ̀rẹ́ mi sìn mí dé èbúté, ó bá mi gbé báàgì bí wọ́n ti í ṣe fún àlejò. Mo ń bẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà, mo ní ká ní mo mọ̀ ni. Nígbà tí a dé ibi ọkọ̀, ó gbé báàgì náà kalẹ̀.

"Ọjọ́ tí mo rí ìwé yẹn ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni," ó ní. "Àmì tẹ́ ẹ máa ń fi sábẹ́ ọ ni. Mi ò fẹ́ dárúkọ yín fún Bàbá. Mo ní kẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́."

Wọ́n tún ìwé yẹn tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn náà. Ọ̀rẹ́ mi kò fọwọ́ kan àwòrán mọ́ láyé rẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, mo wọ ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo yíjú padà, mo pe orúkọ rẹ̀ sókè. Kò tíì lọ. Ó dúró ní èbúté, ó kọjú sí ìlú, ó kọ̀yìn sí mi. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí ọkọ̀ fi gbé wa jìnnà. Mo ka ẹ̀yìn náà, ó sì yé mi.