Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Kí Ìyá Àgbà Kí Àwọn Ará Òfurufú

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi orí fóònù, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìwó. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí o. Ẹ má sọ fún mi pé ó ti pẹ́. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́! Mo ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ọmọ-ọmọ mi Ràfíátù ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́.

Ohun tó tún ru ú sókè ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ràfíátù àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wo eré alápá púpọ̀ kan lórí tẹlifíṣọ̀n. Obìnrin tó máa ń bá wa fọṣọ dúró lẹ́yìn wọn, ó ń wò ó, ó bú sẹ́kún nítorí ẹnì kan nínú eré náà. Wọ́n yà á sórí fóònù, wọ́n ń fi í ṣẹ̀rín. Mo ní kí wọ́n pa fídíò náà rẹ́, kí wọ́n lọ bẹ obìnrin náà. Wọ́n ní kí ló tóbi níbẹ̀. Ó dáa. Ẹ jókòó.

Nígbà tí mò ń wí yìí, ìjọba òyìnbó ṣì wà, a ò tíì gba òmìnira. Akọ̀wé Búráímọ̀ ni aládùúgbò wa. Òun ló ń kọ̀wé fún àwọn tó ń ra kòkó, ó máa ń lọ Kuta, ó máa ń lọ Olúpọ̀nnà, ṣòkòtò rẹ̀ á sì gún régé. Òun nìkan ló ní rédíò ládùúgbò. Rédíò náà jókòó sórí tábìlì ní ọ̀ọ̀dẹ̀ iwájú bí ọba, bátìrì rẹ̀ tóbi ju bíríkì lọ. Ìyá àgbà, ìyẹn ìyá tó bí bàbá mi, ló ń pè é ní odídẹrẹ́ òyìnbó.

Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Alásárì, rédíò yìí máa ń gbé eré kan wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ gbà mí, ẹ ò lè mọ bí mo ṣe fẹ́ràn eré yẹn tó! Àwọn márùn-ún kan ló wọ ọkọ̀, wọ́n ń lọ sínú òṣùpá. Ọkọ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà, wọn ò lè lọ, wọn ò lè bọ̀, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí sì ń tán lọ díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti dé ibi tó dùn jù, wọ́n á ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àbí irú ìyà wo nìyẹn?

Mò ń pọnmi fún ìyàwó Akọ̀wé kí wọ́n lè jẹ́ kí n jókòó lẹ́nu ọ̀nà wọn. Mo fi èédú ya ọkọ̀ náà sára ògiri ilé ìdáná, ìyá mi nà mí, mo tún yà á sí ẹ̀yìnkùlé. Ilé ìwé àwọn Onítẹ̀bọmi ni mò ń lọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé mùsùlùmí ni wọ́n bí mi sí. Gẹ̀ẹ́sì mi ò tíì gún nígbà yẹn, àmọ́ èyí tí n kò bá gbọ́, mo mọ bí mo ṣe ń wá a rí.

Bí mo bá dé ilé, àwọn obìnrin agboolé á ti jókòó, wọ́n á máa bó ẹ̀gúsí. Wọ́n á ní, Sáràtù, àwọn ará òfurufú wa ńkọ́? Màá wá sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn ní Yorùbá. Ìyá àgbà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá mi dúró.

Ẹ wá gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Mò ń fi kún un. Èyí tó kéré jù nínú àwọn márùn-ún náà ló ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, rédíò ò sì sọ nǹkan kan nípa ilé rẹ̀. Èmi ni mo fún un ní ìyá. Mo ní ìyá rẹ̀ máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́, á máa wo òkè. Mo tún ní láti inú ọkọ̀ yẹn, wọ́n ń rí gbogbo ayé kedere, wọ́n ń rí Mẹ́kà, wọ́n ń rí Kùmásí. Kí ló kan Kùmásí níbẹ̀? Ibẹ̀ ni Bọ̀dá Sálíù, àbúrò bàbá mi, bá òwò lọ. Ọdún kẹfà nìyẹn tí a ò gbúròó rẹ̀. Mo fẹ́ kí Ìyá àgbà sún mọ́ mi kó gbọ́ mi dáadáa ni. Ó sì sún mọ́ mi.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé Ìyá àgbà ò gbọ́ ọ bí ìtàn. Báwo ló ṣe fẹ́ gbọ́ ọ bí ìtàn? Àpótí kan náà ló ń sọ pé gómìnà dé Ìbàdàn, pé ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ sí Èkó, òótọ́ sì ni gbogbo ìyẹn. Bí a bá fẹ́ pa àlọ́ nílé wa, a ó ní "Ààlọ́ o," wọ́n á dáhùn "Ààlọ̀," kálukú á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo kàn ń wọlé, mo ń sọ ọ́ bí ẹni ń jíṣẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo ti ilé ìwé dé, mo bá áfáà mẹ́ta lórí ẹní. Ìyá àgbà ń ṣe saàráà, àkàrà àti ẹ̀kọ ló wà nílẹ̀. Ó ní kí àwọn áfáà bá òun bẹ Ọlọ́run kó sọ àwọn márùn-ún tó há sókè kalẹ̀ láyọ̀, pàápàá èyí tí ìyá rẹ̀ ń retí rẹ̀. Àwọn áfáà ṣàdúrà. Gbogbo ilé ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín! Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti lanu. Mo gba àkàrà, mo jẹ ẹ́.

Ìyàwó Akọ̀wé gbé saàráà tiwọn lọ sílé, ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ti gbọ́ ohun tí wọ́n fi ṣe saàráà. Wọ́n ní ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú. Kò burú. Ọmọlúàbí á rẹ́rìn-ín tán, á gbẹ́nu dákẹ́. Tàbí kó pè mí, kó fà mí létí, kó ní kí n lọ sọ òótọ́ fún Ìyá àgbà. Akọ̀wé ò ṣe méjèèjì. Ó dúró di Ọjọ́bọ̀.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n ní ká ro ọgbà ilé ìwé kí a tó lọ, mo pẹ́. Nígbà tí mo sáré dé, ọ̀ọ̀dẹ̀ Akọ̀wé kún fún ọkùnrin, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtàwọn tó ń wọn kòkó. Àárín wọn ni Ìyá àgbà wà lórí ìkúnlẹ̀. Lórí ìkúnlẹ̀, níwájú rédíò! Ìró tó fi ń lọ Yídì ló ró.

Akọ̀wé ló ránṣẹ́ pè é. Ó ní bó bá sọ̀rọ̀ síbẹ̀, àwọn ará òfurufú á gbọ́. Ẹni tí Ìyá àgbà pọ̀n sẹ́yìn rí! Ẹni tí kò tó àbíkẹ́yìn rẹ̀! Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà mélòó ló wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ yẹn? Kò sí ọ̀kan tó ní ó tó.

Ìyá àgbà ń kí àwọn ará òfurufú. Ó ní ẹ kú ewu, ẹ kú àìsùn, ẹ kú àfaradà òtútù. Ó ní kí èyí tó kéré jù mọ́kàn le, ìyá rẹ̀ ò sinmi àdúrà. Àwọn ọkùnrin yẹn ń fọwọ́ bo ẹnu.

Akọ̀wé ní, "Ìyá, ẹ sọ ọ́ sókè díẹ̀ sí i, ọ̀nà wọn jìn."

Ìyá àgbà fi orúnkún sún mọ́ tábìlì. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń rí gbogbo ayé, ẹ bá mi wo Kùmásí. Sálíù ni ọmọ mi ń jẹ́. Àpá kan wà níwájú orí rẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ ní ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

N kò mọ ìgbà tí mo dé ìdí bátìrì. Mo fa wáyà tu, rédíò kú. Eré tí mo fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ! Akọ̀wé gbá mi létí, ó ní ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Èmi o! Mo wò ó lójú, mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ò lẹ́kọ̀ọ́." Mo di Ìyá àgbà lọ́wọ́ mú, mo fà á dìde, a jáde.

Nígbà tí a délé, Ìyá àgbà fìdí kalẹ̀, ó fi oríkì mi pè mí, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, kí ni wọ́n fi ń rín mi?" Mo jẹ́wọ́ fún un. Mo ní kò sí ọkọ̀, kò sẹ́ni tó ń lọ sínú òṣùpá, àwọn òyìnbó kan ló jókòó sínú yàrá ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń ka ìwé. Mò ń sunkún, mo fẹ́ kó nà mí.

Ó wá ní, "A jẹ́ pé kò sẹ́ni tó há sókè?"

Mo ní kò sí.

"Alhamdulillahi," ó wí, ó sì mí kanlẹ̀. Ẹ gbọ́ o! Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú ọmọkọ́mọ, ohun tó jẹ ẹ́ lógún ni pé kò sẹ́ni tó fẹ́ kú.

Lẹ́yìn náà ló béèrè ìyá ọmọ yẹn. Mo ní èmi ni mo fi kún un. Ó wò mí. Ó ní, "Sálíù kì í ṣe ìtàn." Ó bu omi sínú kẹ́tùlù, ó lọ ṣe àlùwàlá. Kò ní kí n sọ ìtàn kankan fún òun mọ́ títí ó fi kú.

Bàbá mi ní kí n lọ kúnlẹ̀ fún Akọ̀wé nítorí wáyà rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ta ló wá kúnlẹ̀ fún Ìyá àgbà? Kò sẹ́nì kankan! Wáyà rí ẹni bẹ̀bẹ̀ nítorí rẹ̀, ìyá arúgbó ò rí. Bọ̀dá Sálíù padà dé ní tòótọ́, ṣùgbọ́n Ìyá àgbà ti lo ọdún mẹ́ta nínú sàréè. N kò gbọ́ òpin eré yẹn títí dòní. Ràfíátù ní òun lè bá mi wá a lórí fóònù, mo ní kó fi sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo fà yọ kò pọ̀. Bí ẹnì kan bá gba eré gbọ́, tó sunkún sí i, tó ṣàdúrà sí i, ẹ béèrè ta ni tirẹ̀ tó ń sunkún fún kí ẹ tó la eyín sílẹ̀. Ẹni tó mọ òótọ́ tó dákẹ́ nítorí pé wọ́n ń gbọ́ òun, bíi tèmi, kò sàn ju Akọ̀wé lọ.

Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí. Ẹni tí wọ́n ti fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣẹ̀rín rí, jọ̀ọ́ sọ fún wa. Ṣùgbọ́n ìwọ tó ti wà nínú irú ọ̀ọ̀dẹ̀ yẹn rí, tó fọwọ́ bo ẹnu, ìwọ gan-an ni mo fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ.