Ìgbẹ́ Ẹṣin Níwájú Ilé Wa

Òórùn ìgbẹ́ ẹṣin ló jí mi láàárọ̀ Sátidé yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, Becontree ní London là ń gbé, mi ò sì rí ẹṣin kankan rí ládùúgbò wa. Mo yọjú lójú fèrèsé: ìgbẹ́ dúdú yí ìdí igi òdòdó róòsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Màámi ká. Mi ò mọ̀ pé Màámi ló dà á síbẹ̀ bí ajílẹ̀ nígbà tí mo wà níléèwé lánàá.

Kí Màámi tó lọ síbi iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ìdájí, ó ti ké sí mi lójú oorun pé kí n gbá iwájú ilé kí òun tó dé, àlejò ń bọ̀. "Ìta ilé ni àlejò kọ́kọ́ ń kí," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Ta ló wá ń fi ìgbẹ́ kí àlejò?

Ẹgbẹ́ àwọn olùgbin róòsì ni àlejò ọ̀hún. Igi mẹ́ta ni wọ́n máa ń fún ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́. Tí ìgbà òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á wá wo àwọn igi náà kí wọ́n tó gbà á. Látìgbà tá a ti kó wá láti Peckham, àwọn nìkan ló ń kí Màámi. Ó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ yẹn bí ẹni fẹ́ wọ ọ̀run.

Mo mú ọwọ̀ tí ìyá àgbà fi ránṣẹ́ láti Ìjẹ̀bú, mo gbálẹ̀ títí dé ìdí igi, mo da gbogbo ìgbẹ́ sínú bíìnì ìdọ̀tí. Ìgbà tí mo nàró ni mo rí àwọn ọ̀mùnú pupa kéékèèké nílẹ̀. Ọwọ̀ ti ṣẹ́ wọn kúrò lára igi. Mo fi itọ́ lẹ̀ wọ́n padà títí, wọn ò lẹ̀.

Màámi àtàwọn àlejò fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ dé ni. Misis Dórìn, ìyá arúgbó tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́, bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́, ó bèèrè ẹni tó ṣe é. Èmi rèé lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ̀ lọ́wọ́. Màámi rí ọwọ̀. Ó rọra rìn wá dúró síwájú mi, kóòtù rẹ̀ bò mí mọ́lẹ̀.

"Èmi ni," ló wí. "Mi ò mọ̀ pé wọn kì í gbá a."

Misis Dórìn ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Màámi rẹ́rìn-ín, ó sìn wọ́n dé géètì, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ó fi ọwọ́ òsì gbá mi létí, ó fi ọ̀tún fà mí mọ́ra. "Inú ilé la ti ń bá ọmọ ẹni wí," ó wí, ó sì bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún. Ẹkún rẹ̀ dùn mí ju ìgbátí yẹn lọ.

Màámi wọ ẹgbẹ́ lọ́dún kejì, èmi náà ti wà níbẹ̀ báyìí, mo ti lé lógójì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n wá wo róòsì mi nílé mi ní Chadwell Heath. Bọ́ọ̀lù ọmọbìnrin mi ti ṣẹ́ ẹ̀ka kan. Wọ́n bèèrè ẹni tó ṣe é. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mo jẹ́ lọ́jọ́sí tiẹ̀ fi itọ́ gbìyànjú àtitún un ṣe; èmi àgbàlagbà, kí n tó mí, ìka mi ti nà sí ọmọbìnrin mi.

Ó kàn ń wo ìka mi.