Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Kì Í Lọ Sóko

Mo rántí ìgbà tó jẹ́ pé, yàtọ̀ sí ọjọ́ Jímọ̀ àti ọjọ́ ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni bàbá mi kì í lọ sóko. Bí oṣù tó ṣáájú oṣù Iléyá bá ti lé, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka òṣùpá níwájú ilé wa ní Ṣakí. Tó bá di ọjọ́ keje, kò ní fọwọ́ kan àdá, kò ní fọwọ́ kan ọkọ́. Ìyàwó rẹ̀ á se ẹ̀wà, a ó gún iyán, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n jọ ń gbin iṣu á wá jókòó sórí ẹní, bàbá á sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ti mọ̀ bí ẹni mọ Fátíà. Á ní ọjọ́ keje oṣù yìí ni wọ́n fi páànù bo mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, tó jẹ́ pé koríko ni wọ́n fi ń bò ó tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ keje oṣù yìí kan náà ni rédíò sọ pé ogun abẹ́lé ti parí. Ọjọ́ keje oṣù yìí náà ni ìyá mi wọlé òun gẹ́gẹ́ bí ìyàwó.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn lèmi ń dúró dè. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin tí ìyá mi fi kú. Mi ò rántí ojú rẹ̀, kò sì ní fọ́tò kankan. Nílé wa, ọkọ kì í ṣàdédé máa sọ̀rọ̀ ìyàwó tó ti kú létí ìyàwó tó wà láàyè, ìwà ọmọlúàbí kọ́. Ọjọ́ keje yẹn nìkan ni ìyàwó bàbá mi, obìnrin tó tọ́ mi bí ọmọ tó bí, máa ń fún un láyè. Tó bá gbé oúnjẹ kalẹ̀ tán, á ní, "Bàbá wa, ó ku ti ìyá ọmọ yìí o," á sì rọra lọ sẹ́yìnkùlé.

Láti ìgbà tí mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ohun tuntun kan ni bàbá ń fi kún un lọ́dọọdún. Lọ́dún kan, ó ní nígbà tí wọ́n ń da omi sí ìyá mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bí wọ́n ti ń ṣe fún ìyàwó tuntun, ìyá mi ní omi náà ti tutù jù, kí wọ́n lọ gbé e kaná. Gbogbo ilé la ẹnu sílẹ̀. Lọ́dún kejì, ó ní ọwọ́ òsì ni ìyá mi fi ń gún iyán, wọ́n bá a wí títí ó fi sú wọn. Lọ́dún kẹta, ó ní nígbà tí rédíò sọ pé ogun parí, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi so ọwọ́ bàbá mọ́ tirẹ̀, ó ní dandan ni kó bá òun jó, nítorí àbúrò rẹ̀ wà lójú ogun. Lọ́dún kẹrin, ó ní ìyá mi kò lè parọ́ láìrẹ́rìn-ín. Bí mo bá ti gbọ́ ọ̀kan, òun ni màá máa rò kí n tó sùn títí ọdún á fi yí po.

Mo wà ní kíláàsì kẹta ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìṣẹ́yìn nígbà tí ìwé gùn mí. Kò sí àgbà tí mi ò lè já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Nínú ọlidé ọdún náà, mo mú ìwé kékeré kan, mo lọ wo ara ògiri mọ́ṣáláṣí, níbi tí bíríkìlà ti kọ ọjọ́ tí wọ́n bo páànù sára sìmẹ́ǹtì. Oṣù Ògọ́sì ló wà níbẹ̀. Mo tún lọ bá olùkọ́ àgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ fún mi: oṣù Jánúárì ni ogun parí. Ọ̀kan nínú òjò, ọ̀kan nínú ọyẹ́! Inú mi dùn bí ẹni tó mú olè. Èmi náà kọ́ ni mo jẹ ẹ̀wà ọjọ́ keje nínú ọyẹ́ nígbà tí mo kéré, tí mo wá ń jẹ ẹ́ nínú òjò nígbà tí mo dàgbà? Iléyá ń sún níwájú mi lọ́dọọdún, aṣọ ọdún ló gbà mí lọ́kàn, mi ò béèrè ìdí.

Ọjọ́ keje pé. Bàbá ti sọ ti mọ́ṣáláṣí, ó ti sọ ti ogun, ni mo bá dìde.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Àwọn nǹkan yìí ò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan náà." Mo ka ohun tí mo kọ sílẹ̀ fún wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Oṣù tá à ń fojú rí lókè ni bàbá ẹ ń kà, ìwọ ọmọ yìí."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kàlẹ́ńdà nìjọba ń tẹ̀ lé. Ta ló ń fi òṣùpá kọ ọjọ́ sínú ìwé?"

Bàbá na ọwọ́, ó gba ìwé náà, ó wò ó. Kò mọ̀ ọ́n kà. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìyá mi?" Bó ṣe máa ń pe èmi ọmọbìnrin rẹ̀ nìyẹn.

"Bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀, bàbá."

"Ó dáa. Bí ìwé bá ti ní kì í ṣe ọjọ́ kan náà, á jẹ́ pé èmi ni mo ṣì í kà." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ká jẹun.

Kò sọ ti ìyá mi lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ọjọ́ keje ọdún kejì pé, mo jí, mo bá a pé ó ti lọ sóko. Ìyàwó rẹ̀ tó ti rẹ ẹ̀wà sómi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "O ò bá jẹ́ kó sọ ti ìyá ẹ tán kó o tó là á lóye." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe lè bẹ bàbá.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, mo di olùkọ́ ní Kòmú. Olùkọ́ èdè Lárúbáwá tó wà níbẹ̀ ní ìwé kan tí wọ́n fi ń wá ọjọ́ òṣùpá tó bá ọjọ́ òyìnbó mu. Mo fẹ́ fi ìtàn bàbá mi pa á lẹ́rìn-ín, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó wá ọjọ́ ara ògiri mọ́ṣáláṣí, ó wá ọjọ́ tí ogun parí. Ọjọ́ keje ni méjèèjì, nínú oṣù tó ṣáájú oṣù Iléyá. Ojú tì mí, mo sunkún. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo wọ mọ́tò lọ sí Ṣakí.

Bàbá ti darúgbó, kò lọ sóko mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ jàre. Ọjọ́ kan náà ni."

Ó ní, "Mi ò parọ́ nígbà yẹn?"

"Ẹ ò parọ́, bàbá."

"Alihamudulilahi."

Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, èmi ló gbà gbọ́, kò gba ara rẹ̀ gbọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ti ìyá mi fún mi. Ó wolẹ̀.

"Ìyá mi, mò ń wá a, mi ò rí i. Sísọ tí mò ń sọ ọ́ lọ́dọọdún ni mo fi ń rántí ẹ̀. Ìgbà tí mi ò sọ ọ́ mọ́, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀." Lẹ́yìn náà ó sọ ọ̀kan nínú èyí tí mo ti mọ̀ láti kékeré, ó bi mí bóyá mo ti gbọ́ ọ rí. Mo ní rárá. Inú rẹ̀ dùn, ó tún un sọ.

Bàbá náà ti lọ báyìí. Ohun mẹ́rin ni mo mọ̀ nípa ìyá mi, àwọn ọmọ mi sì ti mọ̀ wọ́n tán. Lọ́dún tó kọjá, àbígbẹ̀yìn mi bi mí pé, "Màámi, kí ni Ìyá Àgbà tún máa ń ṣe?" Mo sọ fún un pé mi ò mọ̀. Àárò obìnrin tí mi ò mọ ojú rẹ̀ sọ mí títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú.