Pákó Òrùlé Bàbá Mi

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé pákó òrùlé bàbá mi fún ikán jẹ. Kí ẹnikẹ́ni má dá ìjọba ológun ìgbà náà lẹ́bi kó tó dá èmi lẹ́bi.

Káfíńtà ni mí ní Ore. Nígbà tí ìlú le, kò sẹ́ni tó ń ṣe àga mọ́, apá mi ò sì ká pákó gidi. Mo ṣa ègé kan tí ikán ti jẹ ní ilé ìlagi, mo fi ṣe férémù dígí fún ìyàwó mi. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ilé ikán lẹ ní kí n máa tọrùn bọ láràárọ̀ ni?" Ṣùgbọ́n obìnrin ará Èkó kan tó sọ̀kalẹ̀ jẹun létí títì níwájú ṣọ́ọ̀bù mi rí i, ó rà á lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun ń ṣe ilé ìtura kan lọ́ṣọ̀ọ́, ipa ẹnu ikán yẹn gan-an lòun fẹ́, kí n ṣe ogún sí i, òun ń padà bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Níbo ni kí n ti rí i? Ègé ilé ìlagi tó kù ti jẹrà jù, bí ayùn bá kàn án, á di lẹ́búlẹ́bú. Pákó arère bàbá mi nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n ní Odigbo. Òrùlé ilé wọn ti ń tẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n ń ra pákó díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìkórè títí ó fi pé, wọ́n wá kó o fún mi kí n bá wọn tún un ṣe kí òjò tó dé. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń bẹ Ọlọ́run fún ni kí àwọn kú sínú ilé tí àwọn fọwọ́ ara àwọn kọ́.

Mo ní màá rọ́pò rẹ̀ bí obìnrin náà bá ti dé. Òmùgọ̀ ni mí! Mo bomi rin pákó náà, mo tò ó sẹ́bàá òkìtì ikán, mo fi ewé kòkó gbígbẹ bò ó. Nígbà tí ikán jẹ ẹ́ dé ibi tó wù mí, mo sá a sóòrùn, mo fi kẹrosíìnì pa àwọn tó kù nínú rẹ̀, mo kùn ún ní fáníìṣì. Ó rẹwà, mi ò ní parọ́.

Àfi bí epo ṣe dàwátì. Ọkọ̀ tó ń ti Èkó bọ̀ di ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn kì í sì í dúró. Mo jókòó ti ogún férémù létí títì títí òjò fi dé. Obìnrin náà kò wá.

Bàbá mi ló wá. Wọ́n ki ìka bọ ihò ara férémù kan, wọ́n ní, "Ṣé pákó mi nìyí?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, òun ni."

Wọn ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n gbá mi létí. Wọ́n wọ ọ̀kadà padà sílé.

Òrùlé náà wó kí òjò tó dá, ògiri amọ̀ tẹ̀lé e. Mo kó bàbá mi wá sí yàrá kan ṣoṣo tí èmi àtìyàwó mi ń gbé. Báwọn ará àdúgbò bá bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti kó dé pátápátá ni, wọ́n á ní rárá o, àwọn kàn wá kí ọmọ àwọn ni, àwọn ń padà lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Inú yàrá yẹn ni wọ́n kú sí.