Wọ́n Bo Ojú Rédíò

Alágbàfọ̀ kò lè jókòó. Kì í ṣe pé àìsàn kan ń ṣe é. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Tó bá ń jẹun, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa mì lábẹ́ tábìlì. Tó bá ń gba ìpè lórí fóònù, á ti rìn dé ẹnu ọ̀nà, á rìn dé ẹ̀yìnkùlé, á sì ti padà wọlé kí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ tó kí i tán. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó àwọn, àga méjì ni wọ́n gbé kalẹ̀, òun nìkan ló jókòó.

Iṣẹ́ tó yàn bá a lára mu, torí iṣẹ́ ìdúró ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà láàárín ilé ìtajà oògùn kan àti ibi tí wọ́n ti ń gé kọ́kọ́rọ́, yàrá tóóró kan tí ooru kì í kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ìfọṣọ méjì wà lẹ́yìn, ọ̀kan nínú wọn máa ń gbọ̀n débi pé ó máa ń rìn kúrò ní àyè rẹ̀. Tábìlì tó fi ń lọ aṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àwọn aṣọ tó ti lọ̀ rọ̀ sórí irin nínú ọ̀rá, nọ́ńbà àwọn tó ni wọ́n lára wọn. Ìyàwó rẹ̀ ló ń gba aṣọ wọlé, òun ló ń bá àwọn oníbàárà ṣàwàdà, òun náà ló ń bẹ̀ wọ́n tí ọkọ rẹ̀ bá bínú.

Olùkọ́ fẹ̀yìntì kan tó máa ń kó aṣọ wá ló kọ́kọ́ fi ìkànnì ìtàn ìdílé han Alágbàfọ̀. Ìkànnì yìí, èèyàn lè to àwọn ẹbí rẹ̀ sínú rẹ̀, òkú àti alààyè, pẹ̀lú fọ́tò wọn, kó sì rí bí ẹnì kan ṣe bí ẹnì kejì títí ó fi kan òun alára. Ẹ ò rí i, irú nǹkan báyìí kọ́ ló yẹ kí èèyàn gbé lé ẹni tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ lọ́wọ́. Láàárín oṣù díẹ̀, Alágbàfọ̀ ti yọ gbogbo ìdílé lẹ́nu. Ó ń pe àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ láago ní kùtùkùtù òwúrọ̀ láti bi wọ́n léèrè ta ló bí ta. Ó dé ibi tó jẹ́ pé tí wọ́n bá rí nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó dún títí tí yóò fi dákẹ́.

Ṣùgbọ́n nítorí ìyá rẹ̀ ló ṣe ń ṣe é. Ọ̀dọ̀ àbúrò Alágbàfọ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ni Màmá ń gbé. Màmá kò mọ ìwé kà, àmọ́ ó mọ ojú. Láàárọ̀, tó bá ti wẹ̀ tán, nọ́ọ̀sì á gbé tábílẹ́ẹ̀tì lé e lẹ́sẹ̀, á ṣí ojúewé ìdílé wọn fún un, Màmá á sì máa kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Á kí bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀, á kí ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé, á kí àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀dọ̀ àkọ́bí ló ti máa ń pẹ́ jù.

Àkọ́bí yìí ni wọ́n ń pè ní Rédíò, torí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó lé ní ogún ọdún tó ti wọkọ̀ lọ wáṣẹ́ lókè òkun. Ó pè wọ́n nígbà tó dé, ó tún pè wọ́n nígbà mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, ó ní ilé tí òun ń gbé tutù, ó ní òun máa tó ṣí kúrò níbẹ̀. Látìgbà náà, wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Wọ́n wá a títí, wọ́n bi gbogbo ẹni tó lè mọ̀ ọ́n, kò sí ẹni tó rí i, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ó kú. Lórí ìkànnì náà, lábẹ́ fọ́tò olúkúlùkù, àyè kan wà fún ọdún tí wọ́n bí i, òmíràn sì wà fún ọdún tó kú. Ti Rédíò, Alágbàfọ̀ fi àyè kejì sílẹ̀ lófìfo. Ìkànnì náà kò bi í ní nǹkan kan. Ó bá a gba bẹ́ẹ̀, bí ìdílé náà ṣe gba bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé kan ni wọ́n yí gbogbo rẹ̀ padà. Alágbàfọ̀ ṣí fóònù rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ó rò pé òun ti ṣí ibòmíràn. Àwọn tó ni ìkànnì ti kun ojúewé náà láwọ̀ tuntun, wọ́n ti gbé àwọn àgbà sísàlẹ̀, wọ́n gbé àwọn ọmọ sókè, wọ́n sì ti fi ewé kékeré aláwọ̀ eérú kan sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò gbogbo ẹni tó ti kú. Ìyẹn kò burú. Èyí tó burú ni òfin tuntun tó tẹ̀ lé e. Ẹnikẹ́ni tí kò bá ní ewé, alààyè ni wọ́n kà á sí, wọn yóò sì bo ojú rẹ̀ títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi wọlé wá sórí ìkànnì, tí yóò sọ pé kí wọ́n ṣí i. Wọ́n ní láti dáàbò bo àwọn alààyè ni.

Alágbàfọ̀ wọlé, ó ṣí ojú tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ṣí tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì ṣí tirẹ̀, ó sì bá Màmá ṣí ti Màmá. Nínú àwọn tí Màmá ń kí, Rédíò nìkan ló kù. Níbi tí ẹ̀rín àti eyín rẹ̀ máa ń wà tẹ́lẹ̀, orí kan tí kò lójú tí kò nímú ló wà níbẹ̀, bí èyí tí wọ́n máa ń yà sẹ́nu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́.

Nọ́ọ̀sì pe Alágbàfọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó ní Màmá ti bi òun léèmẹ́rin ibi tí Rédíò wà. Ó ní òun gbé fọ́tò gidi tó wà nínú àpótí fún un, Màmá tì í sẹ́yìn, ó ní òun kò wá fọ́tò, pé àyè ọmọ òun láàárín àwọn yòókù ni òun ń wò. Màmá kò jẹun dáadáa láàárọ̀ ọjọ́ náà àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e.

Orí Alágbàfọ̀ gbóná. Ó wọ ojúewé àròyé, níbi tí àwọn tó ń lo ìkànnì náà ti máa ń tú inú wọn jáde. Ibẹ̀ ti kún fọ́fọ́. Ẹnì kan ní àwọ̀ tuntun náà dà bí omi tí wọ́n fi fọ abọ́. Ẹlòmíràn ní èèrà ni wọ́n kọ lẹ́tà rẹ̀ fún. Ọkùnrin kan ń bínú pé wọ́n ti gbé bàbá bàbá òun sí apá òsì ìyàwó rẹ̀, ó ní bàbá náà kò dúró sí apá òsì ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀. Obìnrin kan ti búra láti ọjọ́ Ajé pé òun ti fi ìkànnì náà sílẹ̀ pátápátá, ó sì wà níbẹ̀ tọ̀sántòru, ó ń dá gbogbo èèyàn lóhùn. Àwọn díẹ̀ fẹ́ràn ìyípadà náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti lanu báyìí, wọ́n á bú wọn títí wọn á fi dákẹ́. Àwọn tó ni ìkànnì a máa fèsì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èsì kan náà fún gbogbo ayé: wọ́n dúpẹ́, wọ́n ti gbọ́, yóò mọ́ èèyàn lára.

Alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ìka kan tẹ tirẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ẹ̀gbọ́n òun sọnù, pé òun kò lè pè é ní òkú, òun kò sì lè mú un wá kó wá ṣí ojú ara rẹ̀, pé ìyá àwọn ti darúgbó, ó sì ń wá a. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà ló wá ń rìn láti ìdí ẹ̀rọ dé ìdí fèrèsé, láti fèrèsé dé ìdí ẹ̀rọ, ó ń yọ fóònù wò. Ọkùnrin tó ń bínú nítorí bàbá bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dáhùn, ó ní òótọ́ lọ̀rọ̀ rẹ̀, àwọ̀ náà kò dára rárá. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ni ìkànnì dé. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n kẹ́dùn, wọ́n ní kó bá àwọn sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó wọlé wá, kò ní gbà á ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ó ti padà sídìí tábìlì, ó ń lọ aṣọ, ó sì ń ka ìyẹn lọ́wọ́, nígbà tí òórùn jíjóná gba ṣọ́ọ̀bù. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì funfun akọ̀wé báńkì kan ti pupa fòò lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. Ìyàwó rẹ̀ sáré wá, ó gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó lọ gba atẹ́gùn níta. Ó jáde. Níta ló ti ka èsì obìnrin tó ti búra pé òun ti lọ. Obìnrin náà ní kó yé da ara rẹ̀ láàmú, kó tẹ ewé fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkọ òun kọ̀, kò fẹ́ wọlé wá ṣí ojú rẹ̀, ni òun bá tẹ ewé fún un; ó wà ní pálọ̀ báyìí, ó ń wo bọ́ọ̀lù, ojú rẹ̀ sì jáde kedere lórí ìkànnì.

Alágbàfọ̀ bú obìnrin náà nínú ọkàn rẹ̀. Ó ní kò lójútì. Ó padà wọlé, ó fọ aṣọ, ó ṣì í kà, ó pín tẹni kan fẹ́lòmíràn. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bó bá dìde, bó bá dúró, ewé yẹn ló ń rò. Tó bá rántí pé Màmá kò jẹun, ọwọ́ rẹ̀ á lọ sápò. Tó bá rántí ohun tí ewé náà túmọ̀ sí, á yọ ọ́ kúrò. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ bi Màmá kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkan kan o." Alágbàfọ̀ ní báwo ni èèyàn ṣe ń bi ìyá ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, láàárín ṣòkòtò kan sí ìkejì, ó ṣí ojúewé náà, ó sì tẹ ewé fún Rédíò. Ìkànnì bi í pé ọjọ́ wo ló kú; ó tẹ "a kò mọ̀". Ó bi í níbo; ó tẹ "a kò mọ̀". Kíá ni ojú Rédíò yọ, pẹ̀lú eyín rẹ̀ àti kọ́là rẹ̀ tó ká sókè lápá kan, àti ewé eérú náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alágbàfọ̀ fi fóònù sápò, ó lọ ṣòkòtò kejì, ó sì lọ̀ ọ́ dáadáa.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni nọ́ọ̀sì pè. "Bọ̀dá, mo rí i," ló wí. Ó wá ní Màmá ń béèrè rẹ̀, kó wá lọ́jọ́ Àìkú.

Nígbà tó dé ibẹ̀, Màmá wà ní pálọ̀ lórí àga rẹ̀, tábílẹ́ẹ̀tì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Alágbàfọ̀ kí i, ó dọ̀bálẹ̀, ó béèrè ara, ó lọ ṣí fèrèsé, ó padà wá pa á dé. Màmá ní kó wá jókòó ti òun. Ó jókòó.

"Ewé kí ni wọ́n fi sára ọmọ mi yìí?"

Alágbàfọ̀ ní ọ̀ṣọ́ tuntun tí àwọn onífóònù ń ṣe ni.

"Ó wà lára bàbá yín," Màmá wí. "Ó wà lára bàbá mi, ó wà lára ìyá mi. Kò sí lára tìẹ, kò sí lára ti àbúrò rẹ. Ṣé ẹ ti gbọ́ nǹkan tẹ́ ẹ fi pamọ́ fún mi ni?"

"Rárá, Màmá. A ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ta ló wá fi í síbẹ̀?"

Ó wo ojú fèrèsé. "Èmi ni, Màmá."

Ó ṣàlàyé fún un, ọ̀rọ̀ ń gorí ọ̀rọ̀. Ó ní wọ́n ti bo ojú gbogbo alààyè, pé ewé nìkan ló lè gbé ojú Rédíò jáde, pé òun gbọ́ pé Màmá kò jẹun. Ó fẹ́ dìde, Màmá gbé ọwọ́ lé e lórúnkún. Ọwọ́ náà kò wúwo, ṣùgbọ́n kò lè dìde.

"Yọ ọ́ kúrò," Màmá wí.

Ó gbé tábílẹ́ẹ̀tì, ó yọ ọ́. Ewé náà lọ, ojú Rédíò náà lọ pẹ̀lú rẹ̀, orí tí kò lójú padà dé. Màmá tẹjú mọ́ ọn, ó fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó ní kí ni wọ́n kọ síbẹ̀.

"Wọ́n kọ ọ́ pé ó wà láàyè."

"Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ta ló lè ṣí ojú rẹ̀?"

"Òun fúnra rẹ̀ nìkan ni. Àfi tó bá wọlé wá."

Màmá mi orí. Ara rẹ̀ balẹ̀, ojú rẹ̀ sì rọ̀ ju bó ṣe rí nígbà tí Alágbàfọ̀ wọlé lọ. "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ló wí. "Tó bá dé, á ṣí i."

Alágbàfọ̀ gbé tábílẹ́ẹ̀tì náà padà lé e lẹ́sẹ̀. Ó ń rántí ọjọ́ Ẹtì, bí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe gbọ̀n nígbà tó tẹ ewé náà, bó ṣe lọ ṣòkòtò lẹ́yìn rẹ̀ láì jó o. Ó ti pẹ́ tó ti sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀, kò kàn sọ fún ẹnikẹ́ni ni, títí kan ara rẹ̀. Ojú tì í gan-an, kò sì lè gbójú sókè wo ìyá rẹ̀.